Abẹ́rẹ́ Tí Kò Lójú

Lempi Niskala ló gbé e wá, ó fi aṣọ ìnura wé e bí ọmọ tuntun.
Afẹ́fẹ́ Adágún Súpéríọ̀ tẹ̀lé e wọlé;
yìnyín wà ní èjìká rẹ̀, kò gbọ̀n ọ́n dànù.
"Ìbọn bàbá mi ni. Ọmọ-ọmọ mi fẹ́ fi dẹ ehoro.
Kì í dún. Mi ò rántí ọjọ́ tó dún kẹ́yìn."

Ìbọn kékeré. Ó jù mí lọ lọ́jọ́ orí,
èmi tí mo ti pé ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin.
Irú rẹ̀ kì í gún ọta láàárín bí àwọn àgbà ìbọn.
Etí ni í gbá,
bí ìyá mi ti máa ń gbá mi létí ní ṣọ́ọ̀ṣì:
etí gbọ́, gbogbo ara dìde.

Mo fa irin ẹ̀yìn rẹ̀. Ọta kan yọ, ọta àtijọ́, ó ti ṣú dúdú.
Mo gbé e sí ojú fèrèsé.
Ìkọ́ tí ń fa èèpo ọta jáde ti ṣẹ́,
síprínǹgì ti dẹ̀ bí okùn bàtà.
Ìyẹn kò tó ẹkún.
Ṣùgbọ́n ibi tí abẹ́rẹ́ ń gbé, òfìfo ni.
Kò ṣẹ́. Kò dípẹtà. Kò sí níbẹ̀ ni.
Ẹni tó yọ ọ́ sì dá gbogbo síkúrù padà,
ó mú wọn le, bí ẹni ti ilẹ̀kùn yàrá ọmọ tó ń sùn.

Ilé-iṣẹ́ tó rọ ọ́ ti di ibi tí wọ́n ń kó bẹ́ẹ̀dì sí.
Mo kọ lẹ́tà sí Mòńtánà; wọn ò fèsì.
Ẹni Òháyò ní òun ní abẹ́rẹ́ kan, ó wá dárúkọ owó màlúù.
Opó kan ní Wisikọ́nsìn, tí ọkọ rẹ̀ fi ogójì agolo irin wẹ́wẹ́ sílẹ̀ lọ,
fi ìkọ́ kan ránṣẹ́, ó kọ ọ́ sára bébà pé:
"Mi ò mọ ohun tí í ṣe. Bóyá ìwọ á mọ̀ ọ́n."
Mo mọ̀ ọ́n. Ó wọ̀ ọ́ wẹ́kú.

Ohun tí a kò rí rà, ọwọ́ ẹni ni yóò rọ ọ́.
Abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́ rọ̀ jù, ó tẹ̀.
Èkejì fi ìwọ̀n irun ojú kan gùn jù, ó fẹ́ jẹ ètè ihò ọta.
Ẹ̀kẹta gba ọjọ́ mẹ́ta lọ́wọ́ mi;
nígbà tí àwọ̀ rẹ̀ dà bí koríko gbígbẹ nínú iná, mo rì í sínú epo.
Ọta márùn-ún, ní ẹ̀yìnkùlé, sí ìdérí agolo kọfí.
Gbogbo wọn dún.
Ajá Kauppila gbó títí ilẹ̀ fi ṣú.

Lempi padà wá pẹ̀lú agolo ìránṣọ ìyá rẹ̀.
Ó tú aṣọ pupa kan lórí tábìlì: abẹ́rẹ́ ńlá, abẹ́rẹ́ tín-ín-rín,
àti òun náà láàárín wọn, jẹ́ẹ́,
abẹ́rẹ́ tí kò lójú.

"Ọdún tí ibi ìwakùsà kógbá sílé,
Urho, àbúrò bàbá mi, wá ń gbé yàrá òkè.
Kò jẹun. Ògiri tí ìbọn kọ́ sí ló ń wò ṣáá.
Ìyá mi kò gbé ìbọn kúrò.
Bí ó bá gbé e, Urho á mọ̀ pé wọ́n mọ̀."
Ó dákẹ́.
"Ọdún mẹ́rìndínlógójì ló tún lò. Òun ló kọ́ mi ní kẹ̀kẹ́."

Mo wo ojú fèrèsé. Etí ọta náà ń dán, kò sí àpá kankan lára rẹ̀.
Mi ò sọ ibi tí mo ti bá a.

Ó san owó mi pé. Ó gbé ìbọn lọ pẹ̀lú abẹ́rẹ́ tèmi,
ó sì gún ti àtijọ́ padà sínú aṣọ pupa.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹni Òháyò kọ̀wé: òun ti dín owó.
Mo fún un lésì pé kó má ṣèyọnu,
a ti rí i,
kò sọnù rí.